Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tí Kọ́kọ́rọ́ Odò Missouri Wà Lọ́wọ́ Wọn

Sí Àjọ Onímọ̀-Ẹ̀rọ ti Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn ọ́fíìsì yín tí ó wà ní Omaha àti Kansas City,

Ẹ̀yin aláṣẹ, mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ ń ṣí ìdídò mẹ́fà tí ó wà lórí odò Missouri, ẹ̀yin náà ni ẹ sì ń tì wọ́n, láti Fort Peck ní ìpínlẹ̀ Montana títí dé Gavins Point tí ó wà ní ààlà South Dakota àti Nebraska. Iye omi tí ẹ bá ní kí ó jáde lónìí ni yóò sọ bóyá ẹyẹ kan yóò rí iyanrìn gbígbẹ yé ẹyin sí, òun náà ni yóò sì sọ bóyá ọmọ ẹja kan yóò yè tàbí yóò kú. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń náwó kí àwọn ẹ̀dá mẹ́ta tí odò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù lè padà bọ̀ sípò: ẹja pallid sturgeon, ẹyẹ piping plover àti ẹyẹ least tern. Ẹ̀sùn tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ. Mo rí i pé a ti fi ohun tí ó rọrùn láti kà rọ́pò ohun tí ó yẹ kí a máa kà. A ń ka éékà ilẹ̀ tí a rà, a ń ka erékùṣù iyanrìn tí a fi katakata kó jọ, a ń ka ọmọ ẹja tí a kó láti inú ọgbà ìsìn ẹja dà sínú odò, bẹ́ẹ̀ ohun tí Òfin Ìdáàbòbò Àwọn Ẹ̀dá Tí Ó Wà Nínú Ewu Àkúrun, tí wọ́n ṣe ní 1973, ń béèrè ni pé kí ẹ̀dá náà lè máa bí sí i kí ó sì máa tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà fúnra rẹ̀, débi tí kò ní nílò ààbò òfin mọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí irú odò tí Missouri jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dí i. Ó gùn tó 2,341 máìlì, kò sì sí odò mìíràn tí ó gùn jù ú lọ ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni omi rẹ̀ máa ń kún: ìgbà àkọ́kọ́ ni nǹkan bí oṣù kẹta, nígbà tí òjò dídì orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bá yọ́, ìgbà kejì ni oṣù kẹfà, nígbà tí èyí tí ó wà lórí àwọn òkè Rocky bá yọ́, tí ó sì bá òjò wálẹ̀. Ìkún omi wọ̀nyí a máa jẹ etí odò níhìn-ín, wọn a sì kó iyanrìn rẹ̀ lọ tò jọ lọ́hùn-ún. Wọn a fa koríko àti igi kéékèèké tu lórí àwọn erékùṣù, nígbà tí omi bá sì fà ní oṣù keje, iyanrìn funfun a yọ síta, láìsí ewé kan lórí rẹ̀. Omi náà a máa ru fún ẹrẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Gbogbo ohun tí ó ń gbé inú odò náà àti ẹ̀bá rẹ̀ ni ó ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún bá ìwà yìí mu.

Ọdún 1937 ni wọ́n dí odò náà pa ní Fort Peck. Lẹ́yìn àkúnya omi ńlá ti 1943, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ètò Pick-Sloan ní 1944, èyí tí ó bí àwọn ìdídò márùn-ún yòókù. Wọ́n dí Fort Randall ní 1952, wọ́n dí Garrison ní 1953, àwọn mẹ́ta tí ó kù sì tẹ̀ lé e. Adágún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè gba omi tí ó lé ní 70 mílíọ̀nù éékà-fíìtì, èyí tí ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ omi tí yóò bo éékà ilẹ̀ kan ní jíjìn ẹsẹ̀ bàtà kan. Kò sí àkójọ adágún ìdídò mìíràn tí ó tó o ní Amẹ́ríkà. Láti Sioux City lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ fi òkúta há odò náà mọ́ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, tí ó sì fẹ̀ ní 300 ẹsẹ̀ bàtà, fún nǹkan bí 735 máìlì títí dé St. Louis, kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Èmi kò sọ pé ìdídò kò wúlò. Àwọn ìlú ńláńlá tí wọ́n ti ń sá fún àkúnya omi tẹ́lẹ̀ ń sùn ní ìtura nítorí wọn, iná mànàmáná sì ń wá láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè yìí ní ẹni tí ó san owó rẹ̀, ẹja àti ẹyẹ nìkan kọ́ ni: ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Mandan, Hidatsa àti Arikara tí ó lé ní 150,000 éékà ni omi Garrison bò mọ́lẹ̀, pẹ̀lú ìlú Elbowoods tí ó jẹ́ ibùdó ìṣàkóso wọn. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìmúbọ̀sípò odò yìí ti wọ́n jù gbọ́dọ̀ fi èyí náà sínú ìṣirò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹyẹ ní ráńpẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín ti yọ jù. Piping plover àti least tern jẹ́ ẹyẹ kéékèèké tí wọn kì í kọ́ ìtẹ́ sórí igi. Orí iyanrìn ìhòòhò ni wọ́n ń yé ẹyin sí, níbi tí wọn yóò ti máa rí ẹranko apanijẹ láti òkèèrè. Plover sábà máa ń yé ẹyin mẹ́rin, ó sì ń sàba lé wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ yóò tún lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn kí wọ́n tó lè fò. Nítorí náà, bí omi bá gòkè ní agbedeméjì oṣù méjì yìí, ẹyin àti ọmọ ni yóò bá omi lọ. Bí omi kò bá sì gòkè rárá fún ọ̀pọ̀ ọdún, koríko àti igi cottonwood yóò gba orí iyanrìn, ẹyẹ kò sì ní rí ibi tí yóò bà lé. Ohun méjèèjì ni wọ́n ń fẹ́: ìkún omi kí wọ́n tó dé, àti omi tí ó dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yé ẹyin. Ìdídò a máa ṣe òdìkejì rẹ̀. Ó ń gba ìkún omi ìgbà ìrúwé dúró, ó sì ń tú u sílẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù.

Ní 2011, odò náà fi ohun tí ó lè ṣe hàn yín láìjẹ́ pé ẹ rán an ní iṣẹ́. Òjò àti òjò dídì pọ̀ ní ọdún náà débi pé ẹ ní láti tú 160,000 kúbíìkì fíìtì omi sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ní Gavins Point, nígbà tí ó jẹ́ pé 70,000 ti ọdún 1997 ni ó pọ̀ jù lọ rí kí ó tó di ìgbà náà. Àjálù ni fún àwọn tí omi gbé oko àti ilé wọn lọ, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìbùkún. Síbẹ̀, nígbà tí omi fà, iyanrìn tí ó yọ síta pọ̀ ju gbogbo èyí tí ẹ ti fi katakata àti ẹ̀rọ ìfami-fayanrìn kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò yìí, àwọn ẹyẹ méjèèjì sì pọ̀ sí i ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni koríko tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù, tí àwọn erékùṣù sì ń fọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé iyanrìn tuntun kò wá mọ́. Ó ti há sẹ́yìn ìdídò. Ní Gavins Point nìkan, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ti gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àyè tí adágún Lewis and Clark ní fún omi.

Ní oṣù kìíní 2021, Àjọ Ẹja àti Ẹranko Ìgbẹ́ ti Amẹ́ríkà yọ least tern ti àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà kúrò nínú ìwé àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu. Kò tó 2,000 nígbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ní 1985. Ó ti lé ní 18,000 ní ìgbà tí wọ́n yọ ọ́. Ayọ̀ ni èyí, mo sì bá gbogbo ẹni tí ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ ibẹ̀: ìsàlẹ̀ odò Mississippi ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn ń gbé, níbi tí ìṣàn omi ṣì ń gòkè tí ó sì ń fà, tí ó ń tò iyanrìn jọ fúnra rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹyẹ kan fi yè, ibi tí ó ti yè ni kí a lọ wò. Plover ti apá àríwá pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá, ẹ̀wẹ̀, ṣì wà nínú ìwé náà.

Ó tó bẹ́ẹ̀ fún ẹyẹ. Iyanrìn jẹ́ ohun tí ènìyàn lè kó jọ bí owó bá wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò máa kó o jọ títí ayé ni. Ọ̀rọ̀ ẹja yàtọ̀ pátápátá, òun sì ni ó mú mi gbé kálámù.

Pallid sturgeon jẹ́ ẹja tí ìdílé rẹ̀ ti wà láyé láti ìgbà àwọn dinosaur. Imú rẹ̀ gùn ó sì pẹlẹbẹ, irùngbọ̀n mẹ́rin rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí ó fi ń wá oúnjẹ ní ìsàlẹ̀ odò, ojú rẹ̀ kéré nítorí pé nínú omi ẹlẹ́rẹ̀ ojú kò wúlò púpọ̀, egungun líle ni ó sì tò sí ara rẹ̀ níbi tí ìpẹ́ ì bá wà. Ó lè lo ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún láyé. Abo rẹ̀ ní òkè odò lè tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yé ẹyin ní ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kì í sì í yé ní ọdọọdún. Ẹ̀dá tí ó bá ń gbé ayé ní irú ìgbésẹ̀ yìí lè máa run lọ fún àádọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura, nítorí pé àwọn àgbà rẹ̀ ṣì ń hàn nínú àwọ̀n. Àwọn ọmọ ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí láàárín Fort Peck àti adágún Sakakawea, èyí tí ìdídò Garrison dá sílẹ̀ ní North Dakota. Nígbà tí wọ́n fi kọ orúkọ ẹja yìí sínú ìwé ewu ní 1990, ó ti pẹ́ tí a ti rí ọmọ tuntun tí ó dàgbà níbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ sì ṣírò àwọn àgbà tí a bí sínú odò níbẹ̀ ní àárín ọdún 2000 sí 2010, wọn kò tó 200, gbogbo wọn sì ti darúgbó.

Kí ni ó ń pa àwọn ọmọ? Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ènìyàn rò pé ẹja náà kì í yé ẹyin mọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń yé ẹyin, ẹyin náà sì ń pa. Àmọ́ ọmọ ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò lè wẹ̀ dáadáa. Ìṣàn omi ni ó ń gbé e lọ, ní tòsán-tòru, fún ọjọ́ mẹ́jọ tàbí ọjọ́ mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí oúnjẹ inú àpò ara rẹ̀ yóò fi tán, tí ara rẹ̀ yóò fi gbó, tí yóò sì lè dúró sí ìsàlẹ̀ odò máa wá oúnjẹ. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe lórí odò Missouri fi hàn pé láàárín ìgbà yìí, omi lè gbé e lọ sí ibi tí ó jìnnà tó 245 sí 530 kìlómítà, gẹ́gẹ́ bí omi bá ṣe yára sí. Láti ẹsẹ̀ ìdídò Fort Peck sí ibi tí adágún Sakakawea ti bẹ̀rẹ̀ kò ju nǹkan bí 300 kìlómítà àti díẹ̀ lọ. Ó tún wá burú sí i pé ìsàlẹ̀ adágún Fort Peck ni omi tí ó ń jáde níbẹ̀ ti ń wá. Ó tutù, òtútù sì máa ń fa ìdàgbà ọmọ ẹja sẹ́yìn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àkókò tí yóò fi máa bá omi lọ yóò gùn sí i, ọ̀nà tí ó nílò yóò sì gùn sí i, níbi tí ọ̀nà ti kúrú tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọmọ ẹja bá dé orí adágún náà, ìṣàn omi á kú. Ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà tí odò kó wá ni ó máa ń rì síbẹ̀, jíjẹrà wọn sì ń gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ó wà nísàlẹ̀ omi tán. Ní 2015, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹja ti ń kú: wọ́n ń balẹ̀ síbi tí kò sí èémí. Láti 1953 wá, ní ọdún kọ̀ọ̀kan tí àwọn àgbà ẹja wọ̀nyí bá yé ẹyin ní apá ibẹ̀, ibi ikú yìí ni ọ̀nà àwọn ọmọ wọn ń já sí. Mo ka ìwádìí náà, ó sì yà mí lẹ́nu bí ìdáhùn náà ṣe rọrùn tó lẹ́yìn gbogbo owó tí a ti ná láti wá a. Kò sí àrùn kan, kò sí ẹranko apanijẹ kan tí a lè dá lẹ́bi. Odò tí ó ń ṣàn ni kò gùn tó.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí n sọ pé ohun tí a ń kà kò tọ́. Láti 1994 ni a ti ń tọ́ ọmọ pallid sturgeon nínú ọgbà tí a sì ń dà wọ́n sínú odò náà. Ọgbà Gavins Point ní Yankton, ti Garrison Dam àti ti Miles City wà lára àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo yin àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, ó ṣeé ṣe kí ẹja yìí ti pòórá ní òkè odò kí a tó mọ ohun tí ó ń pa á, nítorí náà iṣẹ́ wọn ti ra àkókò fún wa. Ṣùgbọ́n ẹja tí a dà sínú odò tí yóò dàgbà, tí yóò yé ẹyin, tí ọmọ rẹ̀ yóò sì lọ kú sí orí adágún kan náà, omi inú agbè jíjò ni. Bí a ti ń pọn ọ́n ni ó ń jò dànù. Nígbà tí ìròyìn ọdọọdún bá sọ pé pallid sturgeon ti pọ̀ sí i ní òkè odò, òótọ́ ni, síbẹ̀ kò sọ ohun tí ó yẹ kí a gbọ́, nítorí pé ẹja ọgbà ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn.

Apá ìsàlẹ̀ odò ní ìṣòro tirẹ̀. Kò sí ìdídò kankan láàárín Gavins Point àti St. Louis, ó sì jìn tó 811 máìlì, nítorí náà ọ̀nà kò kúrú níbẹ̀. Ohun tí ó sọnù ni ibi tí omi ti rọra, níbi tí ọmọ ẹja lè yà sí láti jẹun. Ojú ọ̀nà tóóró tí ẹ gbẹ́ fún ọkọ̀ akẹ́rù ń gbá a lọ tààrà ni. Àwọn ibi tí ẹ ti ń tún òkúta etí odò tò kí omi lè yà sí ẹ̀gbẹ́ jẹ́ ìgbésẹ̀ tí ó dára, bí wọ́n bá pọ̀ tó. N kò ní fa èyí gùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹrù tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbé, láìka iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ti ga jù ní 1977, kò sì padà dé ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ibi kan wà tí a ti ṣe ohun tí ó tọ́, bí ó tilẹ̀ gba ìjà ilé ẹjọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ní odò Yellowstone, tí ó ń ṣàn wọ inú Missouri láàárín Fort Peck àti Sakakawea, ní tòsí Glendive ní Montana, ìdídò kékeré kan wà ní Intake tí wọ́n ti fi igi àti òkúta kọ́ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kí omi lè dé oko tí ó tó 55,000 éékà. Sturgeon kò lè gun orí rẹ̀ kọjá. Bí ẹja bá yé ẹyin nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà tí ó kù fún ọmọ kí ó tó dé Sakakawea kúrú ju ti Fort Peck pàápàá lọ. Ní 2022, ẹ parí ọ̀nà omi kan tí ó yí ìdídò náà ká, ẹja náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá ní ọdún yẹn kan náà. Èyí ṣí 165 máìlì odò sílẹ̀ fún un lókè. Àwọn àgbẹ̀ kò pàdánù omi wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń sọ pé yíyọ ìdídò náà kúrò pátápátá ni ó dára jù, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n gba òtítọ́ sọ, ṣùgbọ́n èmi ń ka èyí sí àṣeyọrí nítorí pé ohun tí ó ń pa ẹja gan-an ni ó dojú kọ, èyíinì ni gígùn ọ̀nà.

Ní Fort Peck ńkọ́? Ní 2021, ẹ fọwọ́ sí ètò pé ẹ ó dán ìṣàn omi wò níbẹ̀: omi púpọ̀ ní ìgbà ìrúwé láti pe àwọn àgbà ẹja gòkè lọ sí ẹsẹ̀ ìdídò, kí ẹ sì wá dín in kù nígbà tí àwọn ọmọ bá ń bá omi lọ, kí wọ́n má bàa tètè dé adágún. Ní 2011 tí omi pọ̀, abo ẹja kan gòkè lọ sí apá ibẹ̀ yé ẹyin, àwọn onímọ̀ sì rí ọmọ rẹ̀ nínú omi. Nítorí náà kì í ṣe àbá inú ìwé lásán. Ó di 2024 kí ìdánwò àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan tí a ó fi sínú fáìlì. Abo tí kì í yé ẹyin ní ọdọọdún kò lè fún yín ní ìdáhùn ní ìgbà ìrúwé kan. Èyí tí ẹ kò sì tíì fẹ́ fi ẹnu kàn bí ó ti yẹ ni adágún Sakakawea fúnra rẹ̀: bí ojú omi rẹ̀ bá wálẹ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, odò tí ó ń ṣàn yóò gùn sí i sísàlẹ̀, ibi tí kò sí èémí yóò sì jìnnà sí i sí àwọn ọmọ ẹja. Mo mọ̀ pé North Dakota ń fẹ́ adágún tí ó kún fún ìpẹja ìgbafẹ́, fún omi mímu àti fún iná mànàmáná. Kì í ṣe ní ọdọọdún ni mo ní kí ẹ ṣe é. Ní ọdún tí àwọn onímọ̀ bá rí i pé àwọn abo ti gòkè lọ yé ẹyin, tí omi inú adágún yòókù sì tó, ó yẹ kí ó wà lára ohun tí ẹ lè yàn.

Ẹ ó ní àwọn àgbẹ̀ kò ní gbà. Mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ wọn, nítorí wọ́n ti jìyà. Láti 2014 ni àwọn àgbẹ̀ tí ó lé ní 300 ní ìsàlẹ̀ odò ti pe ìjọba lẹ́jọ́ nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Ideker Farms, tí wọ́n ní ìyípadà tí ẹ ṣe sí ìdarí odò láti 2004, lára rẹ̀ èyí tí ẹ ṣe nítorí ẹja àti ẹyẹ, ń mú kí omi máa bo oko wọn léraléra. Ní 2018, ilé ẹjọ́ dá púpọ̀ nínú wọn láre. Àwọn kan ń lo ìdájọ́ yìí láti sọ pé kí a fi ẹja sílẹ̀ kí ó kú. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ ni pé bí ìjọba bá lo ilẹ̀ ẹni fún àǹfààní gbogbo ìlú, kí ó san owó rẹ̀, ohun tí òfin orílẹ̀-èdè náà sì ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Rírà ẹ̀tọ́ àkúnya omi lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ tà, kí omi tó dé, tọ́ ju kí a bo oko rẹ̀ tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣẹjọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Àti pé kí a má parọ́ mọ́ ẹja: ìkún omi kékeré ìgbà ìrúwé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Gavins Point ní 2006, tí ẹ sì yọ kúrò nínú ètò ní 2018, kéré púpọ̀ sí ohun tí òjò ṣe ní 2011 àti 2019. Àgbẹ̀ tí ẹ̀rọ ìfami rẹ̀ wà ní ẹ̀bá odò nísàlẹ̀ Fort Peck ní ẹjọ́ tí ó ṣe pàtó jù: ìṣàn ìdánwò lè jẹ ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tàbí kí ó fi í sílẹ̀ lórí gbígbẹ. Owó àtúntò àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí yẹ kí ó wà nínú owó ìmúbọ̀sípò gan-an, kí wọ́n má bàa máa gbàdúrà kí ìdánwò náà kùnà.

Ìgbìmọ̀ ìmúbọ̀sípò odò Missouri, tí ó ti ń jókòó láti 2008 pẹ̀lú àwọn aṣojú ìpínlẹ̀, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀, àgbẹ̀, onísòwò ọkọ̀ omi àti àwọn olùdáàbòbò àyíká, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ èyí sí létí. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ṣùgbọ́n mo rò pé gbogbo wọn lè fara mọ́ ìlà kan nínú ìròyìn: mélòó ni ọmọ pallid sturgeon tí a bí sínú odò, tí ó sì pé ọmọ ọdún kan, tí a rí ní ọdún yìí, yàtọ̀ sí ti ọgbà? A lè fi àyẹ̀wò ìran mọ ẹja ọgbà yàtọ̀ sí ti odò, nítorí pé a mọ àwọn òbí gbogbo ẹja tí a ń tọ́. Bí iye náà bá jẹ́ òdo, kí a kọ òdo síbẹ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ tábìlì kan ní ẹ̀yìn ìwé.

Ẹ máa ń gbé àkọsílẹ̀ ètò ọdọọdún fún ìdarí àwọn adágún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, ẹ sì máa ń pe àwọn ará ìlú sí ìpàdé lórí rẹ̀ ní ìgbà ìrúwé àti ní ìgbà ìwọ́wé. Mo bẹ̀ yín kí èyí tí ń bọ̀ sọ ní pàtó ọdún tí ìdánwò Fort Peck yóò tún wáyé àti iye omi tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn adágún kí ó tó ṣeé ṣe. Kí ó gbé àbá sísọ Sakakawea kalẹ̀ wò pẹ̀lú ohun tí yóò ná wa ní iná mànàmáná àti ní ìpẹja. Kí ó sì yan owó fún àwọn ẹ̀rọ ìfami tí mo mẹ́nu bà. Bí ìdáhùn yín sí èyíkéyìí nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò tí ẹ gbé e kà, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ odò náà jẹ lógún